"Ó Hàn Gbangba" Kì Í Ṣe Ẹ̀rí: Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ àti Ìlú 13 Ṣàgámù Fi Kọ́ Mi Nípa Ìṣirò

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wá kí mi nílé ní Ṣàgámù. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi fa ìwé ìdánwò kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Ọdún kìíní ló wà ní yunifásítì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́. Ó fi ìka tọ́ka sí ìbéèrè kẹrin. Òdo ni wọ́n fún un níbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí o. Ṣé kì í ṣe ìwà ìkà nìyí?"

Ìbéèrè náà kò gùn. Wọ́n ní bí gbogbo ohun tó wà nínú àkójọ X bá wà nínú àkójọ Y, tí gbogbo ohun tó wà nínú Y náà sì wà nínú Z, kí ó fi ẹ̀rí hàn pé gbogbo ohun tó wà nínú X wà nínú Z. Ìlà kan ṣoṣo ni ọmọ náà kọ síbẹ̀: "Ó hàn gbangba."

Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wà. Bí ìgò omi bá wà nínú báàgì, tí báàgì wà nínú búùtù mọ́tò, ta ni kò mọ̀ pé ìgò wà nínú búùtù? Kí ni ẹnì kan tún fẹ́ fi ẹ̀rí hàn níbẹ̀? Dípúlómà pólì ni mo ní, iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe, èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò. Ẹnu mi ti ń yún mi láti bá a bú olùkọ́ yẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan sọ sí mi lọ́kàn, ni mo bá gbé ẹnu mi dákẹ́.

Àbúrò tó na apá sílẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi yìí ní àbúrò kan tí ọ̀kadà gbé ṣubú ní ọjọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn ọ̀rẹ́ mi, ló fún un ní ẹ̀jẹ̀ tó fi yè é. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó kan ẹ̀gbọ́n. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ẹbí fọkàn balẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ wá ẹlòmíì. Àbúrò ń bọ̀ láti Ìkòròdú, òun náà á san oore padà. Ẹ̀gbọ́n fún àbúrò, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì bára mu, àbúrò á fún ẹ̀gbọ́n. Ó hàn gbangba, àbí?

Àbúrò dé lálẹ́, ó ká apá aṣọ sókè, ó na apá sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ láàbù yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní rárá o, ẹ̀jẹ̀ yìí kò ṣeé fún ẹ̀gbọ́n. Àbúrò ń bínú, ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun kọ́ ló wà lára òun ni? Ilẹ̀ ti ṣú, kò sí ẹlòmíì nítòsí. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n tó rí dírẹ́bà kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti ẹ̀gbọ́n mu. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Kí ló fà á? Ìbátan kan ni wọ́n rò pé ó ní àlọ tó sì ní àbọ̀, nígbà tó jẹ́ pé àlọ nìkan ló ní. Ohun tí ìbéèrè kẹrin yẹn ń bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀.

Kí ni ìbátan nínú ìṣirò?

Nínú ilé wa, ìbátan ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ so pọ̀ mọ́ ọ. Nínú ìṣirò, ó gbòòrò ju ìyẹn lọ. Ohunkóhun tí o bá lè bi nípa nǹkan méjì, tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbátan ni. "Bọ́lá ga ju Kúnlé." "Ilé yìí bá ilé yẹn pààlà." "Ẹ̀jẹ̀ Adé ṣeé fún Ṣadé." Ìbátan ni gbogbo wọn. Augustus De Morgan, onímọ̀ ìṣirò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ẹ̀kọ́ nípa ìbátan di ìmọ̀ tó dá dúró. Ọdún 1860 ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde.

Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń bi ìbátan kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́: ṣé olúkúlùkù ní ìbátan náà pẹ̀lú ara rẹ̀? Reflexive ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní ìbátan ara-ẹni. Ọjọ́ orí mi bá ọjọ́ orí ara mi dọ́gba, ó ní in. Èmi kò ga ju ara mi lọ, ìyẹn kò ní in.

Ìkejì: bí mo bá ní in pẹ̀lú rẹ, ṣé ìwọ náà ní in pẹ̀lú mi? Symmetric nìyẹn. Èmi pè é ní àlọ-àbọ̀. Ilé mi bá ilé rẹ pààlà, ilé rẹ bá ilé mi pààlà. Ó ní in. Mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, ìwọ kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní in.

Ìkẹta: bí mo bá ní in pẹ̀lú rẹ, tí ìwọ ní in pẹ̀lú ẹnì kẹta, ṣé èmi náà ní in pẹ̀lú ẹnì kẹta yẹn? Transitive nìyẹn, àtagbà. Bọ́lá ga ju Kúnlé, Kúnlé ga ju Ṣadé, nítorí náà Bọ́lá ga ju Ṣadé. Ṣùgbọ́n ilé mi bá ti ìwọ pààlà, tìrẹ bá ti Ìyá Ìbejì pààlà, ìyẹn kò sọ pé èmi àti Ìyá Ìbejì jọ pààlà. Ìwọ lo wà láàárín.

Ẹ rí i pé gbólóhùn méjèèjì yìí jọra wọn bí ìbejì. Etí kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn wá. Ẹ̀rí ló lè ṣe é.

Ìlà mẹ́rin péré

Ẹ jẹ́ ká wá dáhùn ìbéèrè kẹrin. Kò le rárá.

Ìlà kìíní: mú ohun kan nínú X, èyí tó bá wù ọ́. Ìlà kejì: nítorí pé gbogbo ohun tó wà nínú X wà nínú Y, ohun tí o mú yìí wà nínú Y. Ìlà kẹta: nítorí pé gbogbo ohun tó wà nínú Y wà nínú Z, ohun kan náà yìí wà nínú Z. Ìlà kẹrin: èyí tó wù ọ́ lo mú, a ò ṣà á lẹ́ṣà, nítorí náà bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí fún gbogbo ohun tó wà nínú X. Ó parí.

"Bọ̀ọ̀dá, ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní kó dúró ná. Mo ní kó yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà, kó mú "gbogbo" kúrò, kó fi "àwọn kan" sí i. Àwọn kan nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ Marúwá Ṣàgámù jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan nínú akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ṣé àwọn kan nínú oníkẹ̀kẹ́ wá jẹ́ ọmọ ọdún méje ni? Ká má rí i. Gbìyànjú ìlà mẹ́rin wa lórí rẹ̀, wàá rí ibi tó ti já: o lè mú oníkẹ̀kẹ́ kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ kò sí ohun tó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí o mú yẹn wà lára àwọn ọlọ́dún méje. Ìlà kẹta ló já.

Iṣẹ́ ẹ̀rí nìyí. Kì í ṣe pé ó kàn ń sọ fún wa pé òótọ́ ni ohun tí a ti mọ̀. Ó ń fi ọ̀rọ̀ tó gbé òótọ́ náà ró hàn wá. Níbí, "gbogbo" ni òpó. Yọ ọ́, ilé wó.

Ìlú 13 Ṣàgámù àti pàkúté kan

Ó wá bi mí pé ìbátan tó bá ti ní àlọ-àbọ̀, tó tún ní àtagbà, ṣé kò ní ní ara-ẹni fúnra rẹ̀? Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ti fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn òun: bí mo bá ní in pẹ̀lú rẹ, ìwọ náà ní in pẹ̀lú mi nítorí àlọ-àbọ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ, mo bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara mi. Nítorí àtagbà, mo ní in pẹ̀lú ara mi. Ó ti tán!

Ó dùn létí, àbí? Irọ́ ni. Ìlú wa gan-an ni mo fi ṣàlàyé fún un.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Rẹ́mọ mọ̀ pé Ṣàgámù kì í ṣe ìlú kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú 13 ló kóra jọ sójú kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń ja ilẹ̀ Yorùbá, kí wọ́n lè jọ dáàbò bo ara wọn. Ọ̀fìn tí Akárígbò wà, Mákùn, Ẹ̀pẹ́, Adó àti àwọn yòókù, olúkúlùkù wọn mú orúkọ rẹ̀ dání wá, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìbátan kan: "bàbá èmi àti bàbá ìwọ jọ wá láti ìlú kan náà nínú ìlú 13 yìí." Ó ní àlọ-àbọ̀. Ó ní àtagbà, nítorí ìlú bàbá ẹnì kan kò ju ẹyọ kan lọ. Ó wá kan Mallam tó ń ta obì ní Sábó, tí bàbá rẹ̀ wá láti Kánò. Ṣé Mallam ní ìbátan yìí pẹ̀lú ẹnikẹ́ni ní Ṣàgámù? Rárá. Ṣé ó ní in pẹ̀lú ara rẹ̀? Bàbá rẹ̀ kò wá láti ọ̀kankan nínú 13, nítorí náà kò ní in. Ìbátan wa ní àlọ-àbọ̀, ó ní àtagbà, síbẹ̀ kò ní ara-ẹni.

Níbo ni ẹ̀rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti já? Ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: "bí mo bá ní in pẹ̀lú rẹ." Ta ni "rẹ" yẹn? Mallam kò ní ẹnikẹ́ni tó máa lọ bá, nítorí náà kò ní ibi tó máa ti bọ̀. Ẹ̀rí náà ti kà á mọ́ni pé olúkúlùkù ló ní ẹnì kan. Ẹni tí kò ní ẹnì kankan ni wọ́n gbàgbé. Àwọn tó ń ṣe òfin àti fọ́ọ̀mù ìjọba náà sì máa ń gbàgbé irú ẹni bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Bí a bá yọ àlejò kúrò, tí a ka àwọn tí bàbá wọn wá láti inú ìlú 13 nìkan, ìbátan náà á ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irú ìbátan bẹ́ẹ̀ máa ń pín àwùjọ sí agbo-agbo láìsí ẹni tó wà ní agbo méjì, láìsí ẹni tó ṣẹ́kù síta. Ìyẹn náà ní ẹ̀rí tirẹ̀.

Ẹ wo ewu tó wà nínú kéèyàn yí i padà díẹ̀. Èmi fúnra mi, ọmọ Mákùn ni bàbá mi, ọmọ Ọ̀fìn ni ìyá mi. Bí ìbátan náà bá di "bàbá tàbí ìyá wa jọ wá láti ìlú kan náà," èmi àti ọmọ Mákùn kan ní in, èmi àti ọmọ Ọ̀fìn kan ní in, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lè má ní nǹkan kan pọ̀. Àtagbà ti lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré la fi kún un, "tàbí ìyá." Ẹ ò rí i pé ìjà ẹbí lórí ilẹ̀ àti oyè máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí oníkálukú ti ń lo "ọmọ ìlú wa" lọ́nà tirẹ̀, tí gbogbo wọn sì ń pariwo pé ó hàn gbangba.

Ká padà sórí ẹ̀jẹ̀

Karl Landsteiner, dókítà kan ní Vienna, ló ṣàwárí ẹgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ní ọdún 1901. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1930. Ẹ má fi blood group pe genotype o. AA, AS, SS, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. A, B, AB àti O la ń sọ.

Ẹ ronú pé àmì kan wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó jẹ́ A ní àmì A. Ẹni tó jẹ́ B ní àmì B. AB ní méjèèjì. O kò ní ọ̀kankan. Àmì kẹta tún wà tí wọ́n ń pè ní D. Ẹni tó bá ní in ni positive, ẹni tí kò ní in ni negative. Àmì mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè wà tàbí kó má wà, èyí fún wa ní 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2, ìyẹn 8. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ mẹ́jọ tí ẹ máa ń rí lára káàdì nìyẹn.

Òfin ìfúnni kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo àmì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ olùfúnni gbọ́dọ̀ wà lára ti olùgbà. Bí ara bá rí àmì tí kò mọ̀ rí, ó lè gbógun tì í, ogun yẹn sì lè pa aláìsàn.

Ẹ tún òfin yẹn kà. "Gbogbo ohun tó wà nínú X wà nínú Y." Ìbéèrè kẹrin ni! Ìlà mẹ́rin tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fojú di ló fi yé wa pé bí ẹ̀jẹ̀ Adé bá ṣeé fún Bọ́lá, tí ti Bọ́lá ṣeé fún Kúnlé, ti Adé á ṣeé fún Kúnlé ní ti àmì mẹ́ta yìí. Òun ló tún jẹ́ ká rí i pé kò sí àlọ-àbọ̀ níbẹ̀. O positive ni ọ̀rẹ́ mi, àmì D nìkan ló ní. B positive ni àbúrò rẹ̀, B àti D ló ní. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ní, àbúrò ní in. Àbúrò ní B, ẹ̀gbọ́n kò ní in. Ìgbà wo ni àlọ nìkan lè di àlọ àti àbọ̀? Ìgbà tí àmì wọn bá bára mu pátápátá nìkan.

O negative ńkọ́, tí kò ní àmì kankan? Wọ́n ní ó ṣeé fún gbogbo ènìyàn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi ẹ̀rí èyí hàn, nígbà tí kò sí ohun tí a fẹ́ mú nínú X? Ẹ fojú inú wo ẹni tí kò bímọ rí tó ní, "Gbogbo ọmọ mi ló ń gbé Lọ́ńdọ̀nù." Ẹ lè fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ ò lè gbá a mú bí onírọ́. Kí ẹ tó lè jà á níyàn, ẹ gbọ́dọ̀ mú ọmọ rẹ̀ kan wá tí kò gbé Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí. Bákan náà, ẹni tó bá ní O negative kò ṣeé fún òun, kó fi àmì kan hàn wá lára ẹ̀jẹ̀ náà tí òun kò ní. Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dà bí àwàdà ní kíláàsì ló ń gba ẹ̀mí là nígbà tí kò sí àyè láti yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má fi ìwé mi ṣe dókítà. Àwọn àmì mìíràn wà yàtọ̀ sí mẹ́ta yìí, ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ láàbù fi máa ń pa ẹ̀jẹ̀ olùfúnni àti ti aláìsàn pọ̀ wò kí wọ́n tó gbé e kọ́. Àwọn náà ń wá ẹ̀rí ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ fẹ́

Ó ku ẹyọ kan. Bí ọ̀pọ̀ nínú ẹbí bá fẹ́ A ju B, tí ọ̀pọ̀ fẹ́ B ju C, ọ̀pọ̀ á fẹ́ A ju C. Ó hàn gbangba? Ẹ wò ó.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta jogún owó. Wọ́n lè fi tún òrùlé ilé bàbá wọn ṣe, kí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tàbí kí wọ́n ra mọ́tò. Ẹni kìíní: òrùlé, kànga, mọ́tò. Ẹni kejì: kànga, mọ́tò, òrùlé. Ẹni kẹta: mọ́tò, òrùlé, kànga. Ẹ dìbò. Òrùlé fi méjì sí ọ̀kan borí kànga. Kànga fi méjì sí ọ̀kan borí mọ́tò. Mọ́tò fi méjì sí ọ̀kan borí òrùlé! Wọ́n ń yí bí òòyì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ya wèrè, kò sí ẹni tó ṣe màgòmágó. Condorcet, ará Faransé, ló ti ṣàlàyé èyí láti ọdún 1785. Ẹni tó bá ń darí ìpàdé tó sì mọ èyí lè to ìdìbò náà lọ́nà tí ohun tó wù ú á fi borí, ẹ̀yin á sì máa pè é ní ìfẹ́ ọ̀pọ̀.

Kí la wá rí kọ́?

Kì í ṣe gbogbo nǹkan la lè fi ẹ̀rí hàn. Euclid, ará Gíríìkì, ní nǹkan bíi ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ohun tó bá nǹkan kan náà dọ́gba, àwọn náà dọ́gba. Kò fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, ìpìlẹ̀ ló fi ṣe. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ síta kí gbogbo ayé lè rí i. Whitehead àti Russell ní tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá ní 1910, ó sì lé ní 300 ojú ìwé kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti lè sọ pé ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀kan á di méjì. Ẹ lè ní wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Èmi náà ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní Ìkẹ́nnẹ́, tí kò jìnnà sí wa níbí, Tai Solarin àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá Mayflower School sílẹ̀ ní ọdún 1956. Gbogbo Rẹ́mọ mọ̀ pé ọkùnrin yẹn kì í gba ohunkóhun gbọ́ torí pé gbogbo ayé gbà á. Ó máa ń béèrè ìdí. Ìwà kan náà ni ìṣirò ń kọ́ni, àfi pé ìṣirò kì í pariwo.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò tún pe olùkọ́ rẹ̀ ní ìkà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ní máàkì kan ṣoṣo kò bá má pọ̀ jù. Kó tó lọ, ó kọ ìlà mẹ́rin náà sínú ìwé rẹ̀, ó wá bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni blood group yín?"

Mo ní O positive, torí pé ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn bàbá rẹ̀, jẹ́ O positive, ọmọ ìyá kan náà sì ni wá.

Ó kàn ń wò mí. Ó ní, "Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò rí?"

Èmi tó ń ṣàlàyé láti àárọ̀. N kò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ó hàn gbangba sí mi ni. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò. A positive ni mí.